Orin Àjogúnbá Ilẹ̀ Íńdíà àti Gìtá Oníná

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ àti àlùfáà kan láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni sọ níwájú ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù

Alàgbà Alága, ẹ̀yin Ọba Aládé, ẹ̀yin Ìjòyè, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́, àti gbogbo ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́ mi,

  Nígbà tí Akọ̀wé wa kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí orin, mo mọ̀ pé orin ilẹ̀ wa ni púpọ̀ nínú yín ń retí. N ó dé ibẹ̀ kí n tó jókòó. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ gba ọ̀nà jíjìn. Àwọn àgbà wa sọ pé ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í máa wí pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Oko tí mo fẹ́ kí a bẹ̀ wò ní alẹ́ yìí ni ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí àwọn ènìyàn ti tọ́jú orin àwọn baba wọn láti ìgbà pípẹ́ wá, tí gìtá oníná ti àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà sì wá kàn wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Ìbéèrè méjì ni mo gbé wá. Èkíní: ǹjẹ́ a lè da orin méjì tí kò bá ara tan pọ̀ láìba ọ̀kan nínú wọn jẹ́? Èkejì: bí a bá lè dà wọ́n pọ̀, ta ni ó yẹ kí ó ṣe é? Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù bá mi rìn, nítorí ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ti àwọn ará Íńdíà nìkan.

IRÚ ORIN TÍ WỌ́N NÍ

Orin àjogúnbá ilẹ̀ Íńdíà pín sí ọ̀nà méjì: ti àríwá, tí wọ́n ń pè ní Hindustani, àti ti gúúsù, tí wọ́n ń pè ní Carnatic. Ọ̀nà méjèèjì dúró lórí òpó méjì, tí orúkọ wọn ń jẹ́ raga àti tala.

Raga kì í ṣe orin kan pàtó. Ó dà bí òfin ilé: ó ń sọ àwọn ohùn tí olórin lè lò àti èyí tí kò gbọdọ̀ fẹnu kàn, bí yóò ti gòkè àti bí yóò ti sọ̀ kalẹ̀, àti ohùn tí yóò máa padà sí bí ẹni tí ń padà sí ilé. Ní àríwá, ọ̀pọ̀ raga ni ó ní àkókò tirẹ̀: Bhairav jẹ́ ti ìdájí, Yaman jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́. Olórin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè fi raga kan ṣoṣo ṣeré fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìwo ìwé kankan. Láti inú òfin náà ni yóò ti máa mú ohun titun jáde, gẹ́gẹ́ bí asunrárà wa ti í fi oríkì tí gbogbo agbo-ilé mọ̀ dá àrà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí.

Tala ni ti ìlù. Iye kan ni tí a ń kà yípo, tí a sì ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tintal jẹ́ 16, Jhaptal jẹ́ 10, Rupak jẹ́ 7. Onílù lè rìn jìnnà bí ó bá ti wù ú, ṣùgbọ́n bí àyíká bá pé, òun àti olórin gbọ́dọ̀ pàdé lórí iye kìíní. Nígbà náà ni àwọn olùgbọ́ yóò mi orí, tí wọn yóò sì fi ẹnu yìn wọ́n. Ohun kan wà níbẹ̀ tí yóò dùn mọ́ yín. Onílù tabla a máa fi ẹnu sọ ìlù rẹ̀ kí ó tó fi ọwọ́ lù ú. Gbogbo ìró tí ìka lè mú jáde lára awọ ni ó ní orúkọ, ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ a sì kọ́ wọn sórí bí ọmọ wa ti í kọ́ a, b, d. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn àti àwa ni pé èdè tí a ń sọ lọ́jà ni ìlù tiwa ń sọ, ti wọn sì ní èdè tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ohun èlò wọn tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lókè òkun ni sitar. Okùn rẹ̀ a máa tó 18 títí dé 21. Mẹ́fà tàbí méje ni olórin ń fi ìka ta. Àwọn ìyókù wà lábẹ́, wọ́n ń dún fúnra wọn nígbà tí ìró ti òkè bá kàn wọ́n. Igi pẹlẹbẹ tí àwọn okùn náà gbé lé ni a gbẹ́ lọ́nà tí okùn yóò fi máa gbọ̀n lé e lórí, kí ohùn má bàa jáde ní gbígbẹ, kí ó máa kùn bí oyin. Ẹ rántí ṣaworo tí a so mọ́ ìyáàlù wa. Àwọn baba wa náà kò fẹ́ kí ìlù dún láìní ìró wẹ́wẹ́ lára. Lẹ́yìn olórin ni ẹlòmíràn ń jókòó sí pẹ̀lú tanpura, tí í máa ta ohùn ilé àti ohùn karùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, tí kò sì ní ṣe ohun mìíràn ní gbogbo alẹ́.

IRÚ ORIN TÍ Ó DÉ BÁ WỌN

Orin rọ́ọ̀kì jáde ní Amẹ́ríkà láàrin 1950 sí 1960. Ọ̀kan pàtàkì nínú gbòǹgbò rẹ̀ ni orin blues ti àwọn ènìyàn dúdú, ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe pè é ní àjèjì pátápátá. Àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbà á, wọ́n sì mú un le sí i. Nígbà tí yóò fi di 1970, tí àwo kìíní ti ẹgbẹ́ Black Sabbath jáde, tí Led Zeppelin àti Deep Purple sì ti gba òde, irú èyí tí wọ́n ń pè ní rọ́ọ̀kì líle ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ohùn gìtá gba inú wáyà lọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, a sì ti ẹ̀rọ náà kọjá agbára rẹ̀, kí ohùn lè máa ha, kí ó sì pẹ́ kí ó tó kú.

Mo jẹ́wọ́ fún yín pé nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, òwe kan ṣoṣo ni ó wá sí mi lọ́kàn: ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ni yóò ya. Èmi kò mọ̀ nígbà náà pé yíya yẹn gan-an ni wọ́n ń wá.

IBI TÍ WỌ́N TI BÁ ARA MU, ÀTI IBI TÍ WỌ́N TI TAKO ARA

Ẹni tí ó bá fi etí òde gbọ́ orin méjèèjì yóò wí pé iná àti omi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi etí inú gbọ́ wọn.

Lákọ̀ọ́kọ́, onígìtá rọ́ọ̀kì líle kì í sábà ta gbogbo ohùn tí àwọn olórin Yúróòpù máa ń kó jọ. Ohùn ilé àti ohùn karùn-ún ni ó ń tẹ̀ pọ̀, nítorí pé bí ó bá fi ẹ̀kẹta sí i nínú ohùn tí ń ha bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò dàrú. Ohùn méjì tí tanpura ti ń ta láti ayébáyé nìyẹn. Ilẹ̀ tí raga ń dúró lé lórí wà nínú rọ́ọ̀kì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi síbẹ̀. Lọ́nà kejì, onísitar a máa fa okùn sí ẹ̀gbẹ́ kí ohùn lè yọ́ láti ibì kan dé ibòmíràn. Onígìtá blues náà ń fà á bẹ́ẹ̀. Lọ́nà kẹta, ìró tí ń kùn lára sitar àti ìró tí ń ha nínú gìtá oníná, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ẹ má ṣe fojú kéré ti fífa okùn yìí. Dùrù kékeré tí a ń fi ọwọ́ kan fẹ́, tí a sì ń fi ọwọ́ kejì tẹ̀, ti ọwọ́ àwọn ará Yúróòpù dé Íńdíà, ó sì tàn kálẹ̀ gidigidi. Síbẹ̀, láti 1940 títí di 1971, rédíò ìjọba ilẹ̀ náà kò gbà kí a lò ó lórí afẹ́fẹ́. Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ohùn rẹ̀ dúró gbọnin, kò lè yọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí raga sì wà nínú yíyọ́ yẹn. Àwa tí ń kọ orin ìsìn tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì mọ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ohùn dùrù ti gbé ọ̀rọ̀ wa sódì nínú ilé Ọlọ́run, tí a fi ń kọ ohun tí a kò ní lọ́kàn? Ṣùgbọ́n fáólínì, tí òun náà jẹ́ ti Yúróòpù, wọ inú orin gúúsù Íńdíà láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí ń pè é ní àlejò mọ́. Wọ́n tún okùn rẹ̀ yí, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n fi orí rẹ̀ ti ẹsẹ̀, ó sì yọ́ bí wọ́n ti fẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe ibi tí ohun èlò ti wá ni wọ́n ń wò, bí kò ṣe bóyá ó lè pa òfin ilé mọ́. Gìtá oníná lè pa á mọ́ bí ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ bá mọ òfin náà.

Ìtakò sì wà. Rọ́ọ̀kì a máa pa odindi orin dé láàrin ìṣẹ́jú mẹ́rin, nígbà tí olórin raga kò tí ì parí ìkíni. Mẹ́rin-mẹ́rin ni rọ́ọ̀kì sábà ń kà, tala sì lè jẹ́ 7 tàbí 10. Rọ́ọ̀kì a máa ṣí ohùn ilé rẹ̀ kiri, raga kì í ṣí i. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ariwo ń bẹ: ìka tí ń sọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ lórí tabla kò lè jà pẹ̀lú igi tí ń na ìlù ńlá.

ÌGBÀ IYỌ̀

Ìpàdé orin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1965. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Yardbirds fẹ́ fi sitar sínú orin wọn, "Heart Full of Soul". Wọ́n pe onísitar kan wá sí ilé tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lágbára tó láàrin àwọn yòókù. Jeff Beck bá mú gìtá oníná rẹ̀, ó mú un ha, ó sì sín sitar jẹ. Ohùn tí ó sín jẹ ni ó jáde nínú àwo. Ní oṣù October ọdún kan náà, George Harrison ti ẹgbẹ́ Beatles ta sitar nínú "Norwegian Wood", láìtí ì ní olùkọ́ kankan. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bu sitar sínú orin bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. N kò wí pé iyọ̀ burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ kò tí ì mọ òkun.

ÌGBÀ Ẹ̀KỌ́

Harrison fúnra rẹ̀ mọ èyí, nítorí náà ni ó ṣe lọ bá Ravi Shankar ní 1966. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ọkùnrin náà í ṣe fún yín. A bí i ní Varanasi ní ọjọ́ 7 oṣù April, 1920. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Uday, jẹ́ oníjó olókìkí. Ó sì mú un lọ sí Paris nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọmọ náà jó káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó wọ aṣọ dáradára, ó sùn ní ilé àlejò ńlá. Ní 1938 ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ sí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Maihar, sọ́dọ̀ Allauddin Khan, ẹni tí ó le bí irin, ó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ títí di 1944. Mùsùlùmí ni olùkọ́, ẹlẹ́sìn Hindu ni ọmọ-ẹ̀kọ́. Ìsìn kò ya wọ́n nídìí iṣẹ́.

Harrison fúnra rẹ̀ ni ó sọ ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní ọjọ́ kan tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́, tẹlifóònù dún. Ó gbé sitar sílẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ láti lọ dáhùn. Shankar lù ú lẹ́sẹ̀, ó ní kí ó kọ́ láti bọ̀wọ̀ fún ohun èlò. Ní ọdún yẹn, ẹgbẹ́ Harrison ni ó gba òde ayé kan, ṣùgbọ́n níwájú olùkọ́, ọmọ-ẹ̀kọ́ ni. Ẹ̀yin tí a tọ́ ní agbo-ilé Àyàn, bí ẹnì kan bá gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ìyáàlù níwájú baba yín, ẹ mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e.

Ní September 1966 Harrison lọ sí Íńdíà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti kẹ́kọ̀ọ́. Èso rẹ̀ hàn nínú "Within You Without You", tí ó jáde ní 1967. Lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí 1968, ó gbé sitar sílẹ̀, ó padà sí gìtá, nítorí ó ti rí i pé òun kò lè di ọ̀gá nídìí rẹ̀ mọ́. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Mo bu ọlá fún un nítorí pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í mọ̀.

Shankar náà jìyà nínú ìpàdé yìí. Ní June 1967 ó ṣeré ní àpéjọ orin ńlá ní Monterey, ní California, ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi. Àwọn ènìyàn sì tẹ́tí sí i gidigidi. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ kan fọ́ ohun èlò wọn mọ́lẹ̀, tí Jimi Hendrix sì dáná sun gìtá rẹ̀ lójú agbo. Ọkàn Shankar bàjẹ́. Bákan náà ni inú rẹ̀ kò dùn sí àwọn ọ̀dọ́ tí ń mu igbó níbi tí ó ti ń ṣeré, nítorí pé ìyàsímímọ́ ni orin jẹ́ lójú rẹ̀. Nílé, àwọn kan ń bá a wí pé ó ta ohun ìní àwọn baba fún àjèjì. Ẹni tí ó wà láàrin ọjà méjì ni olówó méjèèjì ń bú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde. Ní 1971, nígbà tí ogun àti ìyàn bá àwọn ará Bangladesh jà, ilẹ̀ àwọn baba Shankar, ó ké sí ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù August, Harrison kó àwọn olórin jọ sí New York, wọ́n ṣeré lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ kan, owó tí ó wọlé sì lé ní 240,000 dọ́là. Shankar àti Ali Akbar Khan, ọmọ olùkọ́ rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ ṣeré. Bí wọ́n ti tún okùn wọn ṣe tán, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ yàà. Shankar rọra dá wọn lóhùn pé bí títún okùn ṣe bá dùn mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀, òun ní ìrètí pé orin náà yóò dùn mọ́ wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ará, ìfẹ́ wà níbẹ̀, ìmọ̀ ni kò tí ì sí.

ÌGBÀ ÌDÀPỌ̀

Ní ọdún 1971 kan náà ni onígìtá kan, John McLaughlin, ọmọ Doncaster ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ẹgbẹ́ Mahavishnu Orchestra sílẹ̀ ní New York. Ó ti bá Miles Davis, olórin dúdú olókìkí, ṣiṣẹ́. Nínú ẹgbẹ́ titun yìí, gìtá rẹ̀ ń ha bí ti rọ́ọ̀kì líle, Billy Cobham ọmọ Panama sì ń na ìlù bí àrá. Síbẹ̀ iye tí wọ́n ń kà kì í ṣe mẹ́rin-mẹ́rin. Orin "Birds of Fire", tí ó jáde ní 1973, ń ka 18. Àwọn ènìyàn gbọ́ ọ, wọ́n sì rí i pé ọgbọ́n ìlù Íńdíà lè wà nínú ariwo láìkú.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ní ìgbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, ó kọ́ veena, ohun èlò olókùn ti gúúsù Íńdíà, lọ́dọ̀ olùkọ́ ará Íńdíà kan ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ó pa iná gìtá rẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, Shakti, pẹ̀lú L. Shankar tí ń ta fáólínì, Zakir Hussain tí ń lu tabla, àti Vinayakram tí ń lu ìkòkò amọ̀. Àwo wọn kìíní jáde ní 1976. McLaughlin ti mọ̀ pé ìkòkò amọ̀ kò ní gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá oníná. Nítorí náà, òun tí ó lágbára jù ni ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí a ṣe gìtá onígi kan fún òun tí ó ní àwọn okùn tí ń dún fúnra wọn bíi ti sitar, tí a sì gbẹ́ ojú ọrùn rẹ̀ nù kí okùn lè yọ́. Ẹgbẹ́ náà tú ká, wọ́n tún padà. Àwo wọn "This Moment" ti 2023 sì gba ẹ̀bùn Grammy ní 2024. Zakir Hussain kú ní December ọdún náà. Ẹ má sì gbàgbé pé Zakir jẹ́ ti àríwá, Vinayakram jẹ́ ti gúúsù. Àlejò kan ni ó mú ọmọ ilé méjì jókòó sórí ẹní kan.

Àwọn ará Íńdíà náà kò ká ọwọ́ gbera. Ẹgbẹ́ Indian Ocean bẹ̀rẹ̀ ní Delhi ní 1990. Orin tí wọ́n fi sọ àwo wọn "Kandisa" ti 2000 lórúkọ jẹ́ orin ìsìn àtijọ́ ní èdè Síríà, ti àwọn Kristẹni ilẹ̀ Kerala. Ó dùn mọ́ mi nínú, èmi àlùfáà, láti gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tabla àti gìtá. Ní Bangalore ni ẹgbẹ́ Agam wà, tí ó ń fi gìtá rọ́ọ̀kì gbé àwọn orin àjogúnbá ti gúúsù ró. Ẹni tí ń lé orin níbẹ̀ kọ́ orin Carnatic kí ó tó wá síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọwọ́ àwọn ọmọ onílé ni ọ̀rọ̀ náà wà báyìí.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Mo ti dáhùn ìbéèrè kìíní: a lè da orin méjì pọ̀, bí a bá wá ibi tí ìpìlẹ̀ wọn ti kan ara, tí èyí tí ohùn rẹ̀ ga jù sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Ìdáhùn sí èkejì wà nínú ìtàn tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Mickey Hart jẹ́ onílù ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ará Amẹ́ríkà, Grateful Dead. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Alla Rakha, baba Zakir Hussain. Ní 1991 ó kó àwọn onílù jọ fún àwo tí ń jẹ́ "Planet Drum". Zakir àti Vinayakram wà níbẹ̀. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, wà níbẹ̀. Sikiru Adepoju, ọmọ agbo-ilé onílù ní Èrúwà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú gángan rẹ̀. Àwo náà gba ẹ̀bùn Grammy; ní 2009, èyí tí Hart, Zakir, Adepoju àti Giovanni Hidalgo tún ṣe, "Global Drum Project", gba òmíràn. Ẹ bi ara yín: kí ni ó mú gángan Èrúwà jókòó pẹ̀lú tabla Bombay láìsí ìtìjú? Ohun tí ó mú Zakir jókòó níbẹ̀ náà ni. Olúkúlùkù wọn kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ baba rẹ̀ kí ó tó jáde.

Ó kù kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan fún yín. Ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, bàbá onílù kan wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní dùndún, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kò béèrè owó oṣù. Owó ọkọ̀ nìkan ni ó béèrè. Èmi ni olórí ẹ̀ka orin. Mo dá a lóhùn pé ìwé àkókò ti kún, àti pé wọn kì í béèrè dùndún nínú ìdánwò. Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ní ọdún yẹn gan-an ni a ra dùrù oníná titun.

Ní ọdún tí ó kọjá, àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ wá bá mi pé àwọn ti gbọ́ bí àwọn ará Íńdíà ti ń ṣe, àwọn náà fẹ́ da gìtá oníná pọ̀ mọ́ dùndún fún ọjọ́ ìparí ọdún. Inú mi dùn, mo gbà fún wọn. Ní ọjọ́ náà, ọmọ tí ó ta gìtá ṣe dáradára. Èyí tí ó mú dùndún lọ́wọ́ mọ gbólóhùn mẹ́ta, tí ó gbọ́ nínú rédíò, ó sì ń yí wọn po. Ìjòyè àgbà kan wọlé ní àárín eré. Gbogbo wa dìde. Ọmọ náà wò mí, ó wo ìlù, ó tún lu gbólóhùn kìíní. Ìjòyè náà jókòó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi ẹnu kò mí létí pé, "Olùkọ́, ìlù yín kò mọ̀ mí."

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ilé bàbá onílù. Ó ti kú ní ọdún mẹ́rin ṣáájú. Ọmọ rẹ̀ tí mo bá nílé ń wa ọkọ̀ èrò. Ó fi ìlù bàbá rẹ̀ hàn mí níbi tí ó fi kọ́, ó sì sọ fún mi pé òun kò kọ́ ọ, nítorí bàbá òun gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ayé ń lọ.

Ẹ̀yin àgbà, kì í ṣe gìtá ni ó ba eré wa jẹ́ ní ọjọ́ náà. Gìtá ṣe ojúṣe tirẹ̀. Nígbà tí ó na ọwọ́ sí orin tiwa, kò bá ọwọ́ kankan tí yóò dì í mú. Àwọn ará Íńdíà lè fi raga kọjú sí ariwo, nítorí pé Maihar wà, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì gbà láti jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fi ń bẹ̀ yín. Ẹ̀yin Ọba àti Ìjòyè, àwọn onílù ààfin yín ni Maihar wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ọmọ-ẹ̀kọ́, kí ẹ sì fún wọn ní ohun tí wọn yóò jẹ. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wá àyè fún àgbà onílù nínú ìwé àkókò yín ní ọ̀sẹ̀ yìí; ẹ má ṣe dúró de ìdánwò. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe gba gìtá lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tí ó bá fẹ́ da orin wa pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn kọ́kọ́ lọ fi ìlù kí ìyá rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ sì dáhùn.

Ní tèmi, mo ti padà lọ sọ́dọ̀ ọmọ bàbá onílù. A jọ wá àbúrò bàbá rẹ̀ kan rí ní abúlé, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dá. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ó ti ń wá ní ọjọ́ Thursday. Ọmọ-ẹ̀kọ́ méje ni ó ní, awakọ̀ náà sì jẹ́ ẹ̀kẹjọ wọn.

 Kí Ọlọ́run bùkún ẹgbẹ́ wa, kí ó má ṣe jẹ́ kí ohùn àwọn baba wa parun lọ́wọ́ wa. Àṣẹ.